Ooru yàrá òkè: orí òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn ni à ń gbé. Ó ti di ọdún kẹrin tí a kó sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Páànù long span aláwọ̀ kọfí ni a fi bò ó, PVC ni sílíǹgì rẹ̀. Láti ìparí oṣù Kíní títí òjò fi máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, yàrá mẹ́ta tó wà lókè kì í ṣeé sùn. Agogo mẹ́wàá alẹ́ gan-an ni ooru ibẹ̀ máa ń le jù, nígbà tí ìsàlẹ̀ ti tutù. Àwọn ọmọ ti kó ẹní wá sí pálọ̀, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ò gbà láti kúrò ní yàrá wọn lókè. Àbúrò mi tó wà ní London ní kí n máa ti gbogbo fèrèsé pa látàárọ̀, pé bí àwọn ṣe ń ṣe nígbà ooru lọ́dọ̀ àwọn nìyẹn. Kápẹ́ńtà ní kí a gbé sílíǹgì sókè sí i. Bàbá àwọn ọmọ ní kí a ra éèsì mẹ́ta. Owó tó wà nílẹ̀ ò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe?"

Ẹ kú ìfaradà, ìyá àwọn ọmọ. Owó tó wà lọ́wọ́ ò pọ̀, ìmọ̀ràn mẹ́ta tí ò bára mu ni ẹ gbà, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí owó náà kọ́kọ́ bá lọ. Orí òrùlé ni. Ṣùgbọ́n kí kápẹ́ńtà kankan tó dé, ẹ jẹ́ kí Màmá wá máa sùn nísàlẹ̀. Ara àgbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, kì í sì í làágùn bíi ti ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá irú èyí tó máa ń mú èèyàn tọ̀ léraléra, omi ara wọn lè tètè dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ má fi agídí mú wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn bá wọn sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ gbé ibùsùn wọn gangan sọ̀kalẹ̀, kí àpótí wọn àti àga wọn tẹ̀lé e, nítorí ohun tí àgbà máa ń sá fún lọ́pọ̀ ìgbà ni kí wọ́n má baà sọ òun di àlejò nínú ilé ọmọ òun. Bí ẹ bá rí i pé ara wọn gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, ilé ìwòsàn ni o, lójú ẹsẹ̀; kí ẹ máa fi aṣọ tí ẹ rẹ sómi nù wọ́n lára bí ẹ ṣe ń lọ.

Ibo wá ni ooru yẹn ti ń wá? Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ooru máa ń gòkè, pé ooru ìsàlẹ̀ ló ń kó lọ bá yàrá òkè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń fúyẹ́, á sì gba ojú àtẹ̀gùn lọ sókè. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ìsàlẹ̀ tutù. Ooru wo ló wá fẹ́ kó lọ sókè? Oòrùn orí páànù ló ń ṣe yín. Ìbàdàn ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìwọ̀n 7 àti díẹ̀ péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀. Nítorí náà, lọ́sàn-án oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí wa gan-an. Ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i ní irú wákàtí yẹn. Òrùlé ló ń gba gbogbo rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, mítà kan níbùú lóròó lórí òrùlé lè gba ooru tó wáàtì 800 sí 1,000. Yàrá tó jẹ́ mítà mẹ́rin sí mẹ́rin, irú mítà bẹ́ẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà lórí rẹ̀. Àwọ̀ kọfí sì máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mì. Páànù bẹ́ẹ̀ lè gbóná kọjá 60°C nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta wà ní 34°C. Yàrá ìsàlẹ̀ ní dẹ́kìn àti odindi yàrá òkè tó ṣíji bò ó, ilẹ̀ tútù ló sì jókòó lé. Yàrá òkè ò ní ju páànù tí ò nípọn tó mìlímítà kan lọ, àti PVC tó fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Páànù yẹn kì í kàn mú afẹ́fẹ́ inú àjà gbóná (àjà ni mo ń pe àyè tó wà láàárín sílíǹgì àti páànù). Ó tún ń ta ooru sílẹ̀ tààrà lu sílíǹgì, sílíǹgì á sì ta á lu ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó ti ààrò ṣe ń mọ ooru iná lójú bí atẹ́gùn tilẹ̀ ń fẹ́ sí i lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń yí tí ojú ṣì ń gbóná. Ẹ lè dán an wò lónìí. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, ẹ gun àga, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílíǹgì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kan ògiri tó wà láàárín yàrá méjì. Kí ẹ wá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, kí ẹnì kan di páálí ńlá kan mú, irú èyí tí wọ́n máa ń kó fáànù sí, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè orí yín. Bí iwájú orí yín bá rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó sì tún gbóná bó ṣe gbé páálí kúrò, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ yàrá ò tíì yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ooru tó ń ta láti òkè ni páálí dá dúró. Mo ti ṣe èyí níṣojú àwọn onílé tó ti fẹ́ fọ́ ògiri láti la fèrèsé sí i, tí wọ́n yí ìpinnu padà lórí ìdùbúlẹ̀.

Ti alẹ́ ńkọ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀? Páànù fúnra rẹ̀ máa ń tètè tutù lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, tìmùtìmù, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, gbogbo wọn ló ti ń gba ooru sára láti ọ̀sán, alẹ́ ni wọ́n sì ń tú u jáde. Bí yàrá kan bá tún kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ògiri rẹ̀ á gba ooru títí di agogo mẹ́fà, á sì máa pọ̀ ọ́ sínú yàrá di òru. Nítorí náà ooru agogo mẹ́wàá yẹn, ọ̀sán ló ti wá. Ohun tí ẹ bá dá dúró lágogo méjì ọ̀sán ni ẹ ò ní bá lórí ibùsùn lálẹ́.

Àbúrò yín tó wà ní London ò ṣì yín lọ́nà, ilé tirẹ̀ ló ń sọ. Bíríkì ni wọ́n sábà fi kọ́ ilé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní òwú ìdènà ooru tó nípọn nínú àjà, oòrùn wọn kì í sì í ga tó tiwa, ojú gíláàsì ló máa ń gbà wọlé jù. Lọ́jọ́ tí ooru bá mú wọn, ìta máa ń gbóná ju inú ilé lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní July 19, 2022, ìwọ̀n ooru dé 40.3°C ní Coningsby ní àgbègbè Lincolnshire, èyí tó ga jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ nílẹ̀ Britain. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣí fèrèsé lọ́sàn-án ló pe ooru wọlé. Yàrá òkè tiyín yàtọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, inú rẹ̀ ti gbóná ju ìta lọ, torí òrùlé ló ń ṣe ooru náà lórí yín. Bí ẹ bá wá ti fèrèsé pa, ẹ kàn tì í mọ́ ooru ni. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń wọn ooru, kò wọ́n. Ẹ gbé ọ̀kan kọ́ ògiri inú, kí ẹ gbé ìkejì sí ìta níbi tí oòrùn ò ti lè bá a. Nígbàkigbà tí ìta bá tutù ju inú lọ, ẹ ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún òrùlé ṣe, ó lè jẹ́ pé inú ni yóò máa tutù jù láti agogo mọ́kànlá sí agogo mẹ́rin, ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn àbúrò yín á bá ilé yín mu.

Ti kápẹ́ńtà tó ní kí ẹ gbé sílíǹgì sókè, mi ò fara mọ́ ọn. Sílíǹgì gíga dára láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé: afẹ́fẹ́ gbígbóná á rí ibi kó sí lókè orí èèyàn, fáànù á sì ráyè yí. Àmọ́ bí ẹ bá tú èyí tó wà nílẹ̀, tí ẹ gbé e sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, ooru tó ń ta lára páànù ò ní mọ̀ pé ẹ náwó kankan. Bákan náà ni kí ẹ yọ PVC kí ẹ fi POP rọ́pò: ilé á lẹ́wà sí i, POP á sì fi díẹ̀ nípọn ju PVC lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ohun ìdènà lórí rẹ̀, á gbóná náà ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. (Ẹni tí ilé tiẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́ tí sílíǹgì rẹ̀ jẹ́ asbestos, kó má gé e, kó má sì fi bébà yànrìn ha á. Eruku rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró.)

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ pe kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́, kó gba ẹnu ihò àjà wọlé, kó ta fọ́ìlì tó ń dán sábẹ́ igi tó gbé páànù ró, jákèjádò orí yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín wọn. Wọ́n ń ta irú fọ́ìlì yìí ní yípo níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò òrùlé. Kì í ṣe ti ilé ìdáná, èyíinì á ya. Kò sí ìdí láti ṣí páànù kankan. Ojú tó ń dán gbọ́dọ̀ kọ sísàlẹ̀, sí àyè òfìfo inú àjà. Alumíníọ́mù tó ń dán kì í fẹ́ ta ooru jáde: bó tilẹ̀ gbóná, ìwọ̀nba kékeré ni yóò ta sísàlẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ohun tí páànù tí wọ́n kùn máa ń ta. Ṣùgbọ́n àyè òfìfo yẹn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tẹ́ fọ́ìlì sórí sílíǹgì tí ojú rẹ̀ kọ sókè, ọyẹ́ ọdún kan tàbí méjì péré, eruku á ti bò ó, dídán rẹ̀ á sì ti parí. Bí wọ́n bá fún un mọ́ àárín nǹkan méjì tí kò sí àyè, asán ni. Mo rí àṣìṣe méjèèjì yìí gan-an nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń sọ pé fọ́ìlì ò ṣiṣẹ́.

Èkejì ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ àjà. Ẹ jáde síta, kí ẹ wo abẹ́ etí òrùlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé PVC funfun ni wọ́n fi dí i yíká láìsí ihò kankan, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn. Kí wọ́n gé ihò sí i ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n sì fi wáyà nẹ́ẹ̀tì tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó kí àdán, ẹyẹ àti eku má baà sọ ibẹ̀ di ilé. Ihò ìsàlẹ̀ nìkan ò tó o. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ní láti rí ibi jáde níbi tí òrùlé ti ga jù, yálà lábẹ́ páànù tó bo góńgó òrùlé ni tàbí nípasẹ̀ ẹ̀rọ roboto tí atẹ́gùn máa ń yí. Àwọn kan ti ra ẹ̀rọ roboto yìí, wọ́n gbé e sórí àjà tí ò ní ihò kankan nísàlẹ̀, wọ́n wá ń ṣe kàyéfì pé kò mú nǹkan wá. Ibo ló fẹ́ ti rí afẹ́fẹ́ fà?

Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ lè fi òwú ìdènà ooru tẹ́ orí sílíǹgì, kí ẹni tó ń tẹ́ ẹ fi nǹkan bo imú àti ọwọ́. Kí wọ́n má tẹ́ ẹ bo gílóòbù tó wọnú sílíǹgì tàbí ibi tí wáyà iná ti so pọ̀. Ooru tí kò ríbi jáde níbẹ̀ lè dá iná sílẹ̀. PVC tó fẹ́lẹ́ ò sì lè gbé òwú tó wúwo, ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà wo igi abẹ́ rẹ̀ ná.

Àwọ̀ páànù ńkọ́? Bí ẹ bá máa kọ́ ilé mìíràn, tàbí tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páànù lọ́jọ́ iwájú, ẹ mú funfun tàbí àwọ̀ wàrà, ẹ má wo ti aládùúgbò. Funfun tó mọ́ máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn padà sójú ọ̀run. Èyí tó wà nílẹ̀ náà ṣeé kùn, pẹ̀lú ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún òrùlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ páànù mọ́ dáadáa. Ọ̀dà ògiri lásán á ṣí kúrò. Eruku ọyẹ́ á máa dín agbára rẹ̀ kù títí òjò á fi fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń gbe omi òjò láti orí òrùlé, ẹ béèrè bóyá ọ̀dà náà dára fún omi mímu kí ẹ tó rà á. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé bí ẹ bá ti ń gbèrò sólà, páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé sókè díẹ̀ kúrò lára páànù máa ń ṣíji bo òrùlé. Orí yàrá tó gbóná jù ni kí wọ́n tò ó sí, bí oòrùn bá ń dé ibẹ̀ dáadáa.

Ní ti fèrèsé, ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wọn. Èyí tí eruku ti dí máa ń dá atẹ́gùn dúró ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ yọ wọ́n, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n lẹ́yìn ọyẹ́. Fèrèsé sliding ò lè ṣí ju ìdajì lọ. Èyí tó ń ṣí síta tàbí lúfà ń jẹ́ kí gbogbo ẹnu rẹ̀ gba atẹ́gùn. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó mọ èyí: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní sílíǹgì gíga àti fèrèsé onípákó tí atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí wọ́n tilẹ̀ tì í. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tún lè wọ Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ wo àwọn ilé àkọ́kọ́ tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn: yàrá tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè wọlé níwájú kó jáde lẹ́yìn, búlọ́ọ̀kù oníhò sì ń dá oòrùn dúró níta. Ìta ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Kọ́tìnnì tó nípọn dára fún fèrèsé ìwọ̀ oòrùn láti agogo méjì lọ, ṣùgbọ́n ooru ti kọjá gíláàsì kó tó bá kọ́tìnnì. Ìbòòji tí ẹ bá ṣe sí ìta, ì báà jẹ́ páànù kékeré lórí fèrèsé tàbí ẹní ọparun tí ẹ so kọ́, ó ju kọ́tìnnì méjì lọ. Bí ilẹ̀ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ gbin igi sí i, àmọ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti sókàwéè. Lálẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá, kí ẹ gbé fáànù onídùúró kan kọjú síta lójú fèrèsé kan, kó máa ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, kí ti ìta sì máa gba fèrèsé kejì wọlé.

Mo fi éèsì sẹ́yìn, kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Éèsì alágbára ẹṣin kan tí kì í ṣe inverter (irú èyí tó máa ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ bí yàrá bá ti tutù) máa ń gba nǹkan bíi wáàtì 900. Mẹ́ta, fún wákàtí mẹ́jọ lóru, lábẹ́ sílíǹgì tí kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, lè jẹ tó yúníìtì ogún. Ní April 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ ní 210 péré, ó lé ní 4,000 náírà lóru kan. Bí iná bá wá lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fáànù sílíǹgì kan ò ju nǹkan bíi wáàtì 70 lọ. Òótọ́ ni pé fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù, òógùn ara wa ló ń gbẹ, torí náà ẹ pa á bí kò bá sí èèyàn nínú yàrá. Fáànù olómi tí wọ́n ń polówó kiri dára lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní oṣù Kẹta tí ọ̀rinrin ti padà, á kàn sọ yàrá di ọlọ́rinrin ni.

Mi ò ní tàn yín: kò sí iṣẹ́ òrùlé tó lè sọ oṣù Kẹta di oṣù Keje. Bí ìta bá ṣì wà ní 29°C lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ewé kan ò mì, yàrá yín ò lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsí éèsì. Ohun tí fọ́ìlì àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè ṣe ni pé wọ́n á mú yàrá òkè sún mọ́ ìwọ̀n ooru ìta, kí ara lè faradà á pẹ̀lú fáànù. Lẹ́yìn ìyẹn, bí bàbá àwọn ọmọ bá ṣì fẹ́ éèsì, kí wọ́n ra éèsì inverter kan ṣoṣo fún yàrá kan, níbi tí gbogbo ilé lè sùn sí lóru tó bá burú jù. Fún ẹ̀yin mìíràn tó ń kà á: bó bá jẹ́ kọnkéré ni wọ́n fi ṣe òrùlé yín, kì í ṣe páànù, iṣẹ́ inú àjà ò kàn yín. Orí kọnkéré níta ni ìdènà ooru àti ọ̀dà funfun yẹ kó wà.

Kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lágogo méje àárọ̀, kó sì dáwọ́ dúró kí agogo mẹ́wàá tó lù, nítorí ooru àjà lè dá kápẹ́ńtà kú. Kí wọ́n jẹ́ èèyàn méjì, igi ni kí wọ́n máa tẹ̀, kì í ṣe PVC. Ẹ ní kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán inú àjà kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, láti igun kan sí ìkejì, kí ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ibi tí fọ́ìlì ti ya, ibi tí ojú tó ń dán kọ sókè, tàbí ibi tí wọ́n ti fi dí ihò etí òrùlé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kí wọ́n padà wọlé lọ tún un ṣe.